Ohun tó yẹ ká dá sí ní Festac

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, FHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, kéde pé ilé 677 ni àwọn ti sàmì sí fún wíwó ní Festac Town. Wọ́n ní àwọn kan ti gbó, wọ́n sì lè wó lu èèyàn, àwọn mìíràn ò sì ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Festac mọ ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń sàmì yẹn dáadáa. Ó ti kan ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ti kan fẹ́ńsì, ó ti kan yàrá tí wọ́n fà mọ́ ẹ̀yìn ilé. Wọ́n á kùn ún lónìí, òjò á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún padà wá kùn ún lọ́dún mìíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2027, yóò pé 50 ọdún gbáko tí àwọn àlejò àgbáyé kọ́kọ́ kẹ́rù wọ inú àwọn ilé yìí. Ìlú tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ṣì máa ka ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lára ògiri. Ohun tí a dúró lé lórí nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé àwọn ilé Festac lè yí padà bó ṣe bá ìgbésí ayé àwọn tó ń gbé inú wọn mu, bí wọn ò bá ṣáà ti ní í wó lu ẹnikẹ́ni. Ojú títì rẹ̀, ojú omi rẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo ìlú ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ohun tí à ń rí láti ọjọ́ pípẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ìyá tó fa ṣọ́ọ̀bù mọ́ fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lé, nígbà tí ilẹ̀ ìṣeré àti etí kánààlì ń di ilé lójú gbogbo ayé.

Kó tó di Festac, ilẹ̀ Àwórì ni. Amúwò, Kuje, Ìjẹ̀gún, Àgbojú, Abúlé-Àdó àti àwọn abúlé mìíràn ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ avenue. Iṣẹ́ ẹja àti oko ni wọ́n ń ṣe, irà àti omi ọ̀sà ló yí wọn ká, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ nájà. Owó epo rọ̀bì ló gbé ìjọba àpapọ̀ débẹ̀. Senegal ló kọ́kọ́ gbàlejò àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé, ní Dakar lọ́dún 1966. Nàìjíríà gba ẹlẹ́ẹ̀kejì, FESTAC, èyí tí ìlú náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ìjọba Yakubu Gowon ló bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1975. Murtala Muhammed tó gbapò rẹ̀ bá ìbọn pàdé ní oṣù kejì ọdún 1976. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló wá jókòó gbàlejò náà láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Èèyàn tó lé ní 15,000 ló wá, láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50.

Ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ máa sùn sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé ìṣeré ńlá ní Ìgànmú ni ilé iṣẹ́ Technoexportstroy láti Bulgaria kọ́ fún eré àti orin. Lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì, ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia ń kọ́ ibùdó ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí gbogbo wa ń pè ní Trade Fair. Láàárín méjèèjì, ní Amúwò, ilé tó lé ní 5,000 dìde lórí ilẹ̀ tí ẹja àti ewéko ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú títì ọlọ́dà, iná, omi ẹ̀rọ, ilé ìfìwéránṣẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe pọ̀. Kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa pé kí wọ́n la ojú àgbàrá kí wọ́n tó kọ́ ilé. Ní Festac, wọ́n là á.

Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ lè rò pé nọ́ńbà lásán ni àdírẹ́sì wọn. Ó nídìí. Àwọn ojú títì ńlá ni avenue, láti First Avenue dé Seventh Avenue. Ọ̀nà tó bá yà lára avenue máa ń fi nọ́ńbà avenue yẹn bẹ̀rẹ̀: 201 Road jẹ́ ti Second Avenue, 402 Road jẹ́ ti Fourth Avenue. Lẹ́yìn ìyẹn ni Close, ojú ọ̀nà kékeré tí ilé mélòó kan yí ká, tí kò sì já síbì kankan. Lẹ́tà ni wọ́n fún ìyẹn: A Close, B Close, C Close. Ọmọ tó bá ti mọ ońkà lè júwe ilé bàbá rẹ̀ fún ọlọ́kadà láìsọ pé kó yà lábẹ́ igi máńgòrò. Àǹfààní tó ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba inú Close kọjá lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ilé ló ń lọ, tàbí kó jẹ́ àlejò onílé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láìbẹ̀rù mọ́tò, tí àwọn ìyá sì lè jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ronú nípa ìgbésí ayé èèyàn.

Nínú àwọn tó wá sí àjọ̀dún náà láti Brazil ni olórin Gilberto Gil, ẹni tó padà di mínísítà àṣà orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́dún 2003. Àwọn ilé tí wọ́n kó wọn sí rán an létí àwọn ilé tí ìjọba ń kọ́ ní Rio de Janeiro fún àwọn tálákà tí wọ́n bá kó kúrò ní ilé pákó orí òkè, irú bíi Vila Kennedy. Ìrìn àjò Èkó yẹn ló bí àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Refavela, tó jáde lọ́dún 1977 kan náà. A kì í sábà rántí ìtàn yìí nígbà tí a bá ń sọ ti Festac, bẹ́ẹ̀ ó yẹ ká rántí rẹ̀. Àjèjì kan wo ilé tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó sì ti mọ irú ilé tó jẹ́. Ilé tí ìjọba kọ́ bákan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé, ìdílé tó bá wọ inú rẹ̀ ni yóò parí kíkọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brazil nìyẹn. Òun náà ló ṣẹlẹ̀ ní Amúwò.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ FHA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973. Wọ́n ṣẹ́ kèké, àwọn tí orí bá ṣe sì gba kọ́kọ́rọ́: òṣìṣẹ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì, tíṣà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977 yẹn. Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Ìjọ̀, Hausa, gbogbo wọn wọ ìlú kan náà lọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó lè pe ẹnì kejì ní àjèjì. Fún ìwọ̀nba ọdún, Festac dùn ún gbé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó dàgbà níbẹ̀ nígbà náà, orí omi ẹ̀rọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Omi ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí àwọn tó ń mú ọ̀dà pupa kiri dúró sí díẹ̀. Nígbà tí omi ò yọ mọ́, onílé tó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó sì gbé táǹkì lé orí irin gíga níbi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò lówó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Nígbà tí iná di ṣẹ́jú-ṣẹ́jú, jẹnẹrétọ̀ dé, ó sì nílò ilé tirẹ̀, nítorí olè. Nígbà tí ìdigunjalè pọ̀, àwọn ará Close dáwó jọ, wọ́n fi irin ṣe gétì sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba mẹ́gáàdì. Ètò ìgbẹ́ Festac tún yàtọ̀ sí ti ibòmíràn l'Ékòó. Wọn ò gbẹ́ ṣókàwéè sí ẹ̀yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń kó o láti gbogbo ilé lọ síbi kan tí ẹ̀rọ yóò ti sẹ́ ẹ. Ètò ọlọ́làjú ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, gbogbo ìlú ló kàn. Ó dákẹ́. Omi ẹlẹ́gbin ń ru jáde láti ihò àárín títì, ó ń ṣàn wọ gọ́tà tí wọ́n ṣe fún omi òjò, ẹni tó wọ bàtà tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní láti máa fò ó kọjá.

Nítorí èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ta ni ká dá lẹ́bi? Ìyípadà tó bá ojú Festac, ìdáhùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ìjọba yọwọ́, àwọn èèyàn sì fi ọwọ́ tiwọn dí àlàfo náà.

Ọ̀rọ̀ ajé náà ò gbẹ́yìn. Lọ́dún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí owó náírà já wálẹ̀ tí owó oṣù ò sì tó nǹkan mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan ta ilé, àwọn kan fi rẹ́ǹtì sílẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń wá ohun tí wọn yóò jẹ. Ilé ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì di ohun ìní ńlá lójú kan. Ẹ wo ilé alájà mẹ́rin kan báyìí, irú èyí tó pọ̀ lára avenue. Fèrèsé pálọ̀ ilé ìsàlẹ̀ ni wọ́n fọ́ dé ilẹ̀ tó fi di ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi páànù ṣe ìbòòrùn sí i, wọ́n kó mílíìkì, ọṣẹ àti súgà sórí pákó. Lórí rẹ̀, ẹnì kan ti fi gíláàsì dí bákónì rẹ̀ di yàrá fún ọmọ. Ẹni òkè rẹ̀ ò fọwọ́ kan tirẹ̀, irin tí FHA ṣe sí i ṣì wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Olúkálukú ló kun ibi tó jẹ́ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ní àwọ̀ mẹ́rin: ìyeyè níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, funfun lókè, eérú nísàlẹ̀. Ẹni tó ní ká wó ilé yìí nítorí pé kò jọ bó ṣe wà lọ́dún 1977, ẹ jẹ́ kó wá sọ fún wa níbi tí opó tó ń ta mílíìkì yẹn yóò ti máa jẹun.

A kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ló dára o. Ẹni tó gbé ilé alájà kan lé orí ìpìlẹ̀ tí kò lè gbé e ń pe ikú. Ilé tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti ń jábọ́ tí irin inú rẹ̀ ti yọ síta, kí wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ lónìí, kí wọ́n má ṣe dúró de ọ̀la. Ìlú Èkó ti sin òkú púpọ̀ jù lábẹ́ ilé tó wó. Ṣùgbọ́n ilé tó fẹ́ pa èèyàn àti ilé tó kàn yàtọ̀ sí àwòrán, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ya wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé àyẹ̀wò náà han onílé kí wọ́n tó sàmì sí ilé rẹ̀.

Àyíká Festac náà ti yí padà, èyí sì ń ti ìlú náà láti ìta. Trade Fair tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti di ọjà ojoojúmọ́. Àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀, ASPAMDA, àti àwọn oníṣòwò mìíràn tó kó kúrò ní erékùṣù Èkó ti kún ibẹ̀. Alábà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Òjó. Ní Maza-Maza, ọkọ̀ akérò ńlá ń kó èrò lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, Festac àti Amúwò ni wọ́n fẹ́ gbé, wọ́n sì lówó láti ra ilé. Àwọn ló sọ Festac di ìlú tí kì í sùn lálẹ́, tí oúnjẹ òru àti ẹja yíyan fi ń tà títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Reluwé náà tún ń bọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ìpele kejì rẹ̀ yóò gba iwájú Festac kọjá lọ sí Okokomaiko, ibùdókọ̀ kan yóò sì wà ní Festac fúnra rẹ̀. Ọ̀nà Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń fẹ̀ láti 2009 ni yóò gbà. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń gbówó lórí lẹ́bàá ibùdókọ̀ reluwé mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn tó ní owó yóò wá, wọn yóò ra ilé pẹlẹbẹ kan, wọn yóò wó o, wọn yóò kọ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́fà sí inú Close tí wọ́n ṣe fún ilé mélòó kan. Páìpù ìgbẹ́ tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ni yàrá 60 tún máa dà sí. Kí ọjọ́ yẹn tó dé ló yẹ kí òfin ti wà nílẹ̀.

Ta ni yóò ṣòfin náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ Festac ti le jù nìyí. FHA ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀, àwọn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí àwòrán ilé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ló ni ètò ìlú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì gbè wọ́n lẹ́yìn lọ́dún 2003, nígbà tó dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ń gba owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà. Onílé tó bá fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe kò mọ ilẹ̀kùn tí òun yóò kàn. Tó bá gba ìwé lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹlòmíràn lè wá sọ pé ìwé yẹn ò wúlò. Ọ̀pọ̀ á kúkú kọ́ ilé wọn lóru ọjọ́ Sátidé, wọ́n á sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìjọba mẹ́ta ló ní ẹnu lórí Festac nígbà tí owó bá fẹ́ wọlé, nígbà tí gọ́tà bá dí ni a kì í mọ ẹni tó ni ín.

Àìmọ ẹni tó ni nǹkan ti ná wa ní ohun iyebíye rí ní ìlú Èkó yìí. Ìlójò Bar, ilé tí àwọn Fernandez kọ́ ní Tinúbú lọ́dún 1855 pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà, ìjọba ti kéde rẹ̀ láti 1956 pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin wà, ìwé wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ ìsinmi, katakátá wọ ibẹ̀, ó di òkìtì àlàpà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkéde nìkan kò lè dáàbò bo ilé. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí èrè nínú pé kí ó wà.

Ẹ wo Brasília ní tirẹ̀, olú ìlú tí Brazil kọ́ láti ilẹ̀ tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1960. Nọ́ńbà àti lẹ́tà ni àdírẹ́sì tiwọn náà. UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1987, nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 27. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ ju ilé kọ̀ọ̀kan lọ. Bí òpópónà ṣe tò, bí ilé ṣe jìnnà sí ara wọn, bí koríko àti igi ṣe yí wọn ká, àti ibi tí ilé gíga gbọ́dọ̀ mọ, ìwọ̀nyí ni òfin wọn ń dì mú. Ọmọ ọdún 27 kò kéré jù láti dáàbò bò. Ìlú tó fẹ́ pé 50 kò lè kéré jù.

Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ojú títì ṣáájú ògiri. Bí ẹnì kan bá wó ilé rẹ̀ ní Festac, tó tún kọ́ òmíràn sójú kan náà, ìlú náà ṣì wà. Bí wọ́n bá kọ́lé dí Close kan, tàbí tí wọ́n ta ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀, kò sí owó tó lè dá a padà mọ́. Kánààlì nìkan tó ìkìlọ̀. Ilẹ̀ Amúwò sún mọ́ omi. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje ní láti rí ọ̀nà lọ sí ọ̀sà. Gbogbo yàrá tí wọ́n bá kọ́ sórí etí kánààlì, inú pálọ̀ aládùúgbò ni omi rẹ̀ ń lọ.

Ti Abúlé-Àdó ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, iná bú gbàmù ní Soba, níbi tí páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Èèyàn tó lé ní 20 ló kú. Ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College wó, ọ̀gá ilé ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, sì kú lẹ́yìn tó ti sa gbogbo agbára rẹ̀ láti kó àwọn ọmọbìnrin náà jáde. A ò fẹ́ dá ẹjọ́ ohun tó dá iná náà sílẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí gbogbo èèyàn rí ni bí ilé, ilé ìwé àti ọ̀nà ọkọ̀ ẹrù ṣe sún mọ́ páìpù yẹn tó. Ilẹ̀ òfìfo tí àwọn kan ń pè ní ìfiṣòfò, ààbò ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni a ń sọ, pé ìlú tí kò tíì rí omi mu kò lè máa rojọ́ àjogúnbá. A gbọ́ wọn. Ohun kan náà ni àwa ń sọ. Omi àti páìpù ìgbẹ́ ni àjogúnbá Festac, ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Ohun tó mú ìlú náà yàtọ̀ lọ́dún 1977 ni pé ilé ọ̀gá àti ilé akọ̀wé ń lo páìpù kan náà. Ẹ ronú sí i: ilé ìṣeré Ìgànmú ti gba àtúnṣe ńlá láti ọwọ́ báńkì àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Inú wa dùn sí i. Àjọ̀dún kan náà ló bí gbọ̀ngàn yẹn àti Festac Town. Gbọ̀ngàn tí èèyàn ń lọ wòran fún wákàtí mẹ́ta rí bílíọ̀nù náírà gbà. Ó yẹ kí ibi tí èèyàn ń sùn rí tirẹ̀.

Àwọn ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Kí FHA gbé máàpù Festac jáde fún gbogbo ayé, èyí tí wọ́n fi kọ́ ìlú náà àti èyí tó wà báyìí, kí a lè fi ojú ara wa rí ilẹ̀ ìlú tó ti di ti ẹnì kan àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ibi tí ìjọba bá fẹ́ gbé katakátá lọ, orí ilẹ̀ tó dí kánààlì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, yálà tálákà ló kọ́ ọ tàbí ọlọ́lá. Kí FHA, ìpínlẹ̀ Èkó àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ṣí ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí ọmọ Festac yóò ti gba ìwé ilé kíkọ́, kí ìwé náà sì múlẹ̀ lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣọ́ọ̀bù tí kò dí títì tí kò sì jókòó lórí gọ́tà, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gba owó tó yẹ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, kí wọ́n sì fi owó yẹn tún ẹ̀rọ ìgbẹ́ ṣe, kó má lọ sápò ìjọba ní Àbújá tàbí ní Alausa. CBAAC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979 láti tọ́jú ìwé, àwòrán àti ohùn àjọ̀dún náà, kí wọ́n gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí Festac gan-an, síbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lè rí i láìwọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù.

Ó ku àwọn onílẹ̀. Ariwo tó ń jáde láti Phase Two, apá kejì ìlú náà, níbi tí FHA, àwọn ìdílé Àwórì àti àwọn tó ra ilẹ̀ ti ń fa nǹkan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò lè tán nípa ọlọ́pàá. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́dún wọ̀nyẹn ló sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn di onílé, bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọn tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kò sí lára avenue kankan. Nígbà tí wọ́n bá ń ya máàpù tuntun, kí Kuje, Amúwò, Àgbojú àti àwọn abúlé yòókù wà lórí rẹ̀ ní orúkọ wọn, pẹ̀lú ààlà wọn àti ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún wọn. Kí ọba àti baálẹ̀ wọn jókòó nídìí tábìlì náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.